Bí Mo Ṣe Fẹ́ Ra Mọ́tò Onílé Tó Ń Dán

Títí n ó fi hu ewú dé irùngbọ̀n, ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò lè parẹ́ lọ́kàn mi: ọjọ́ tí mo wa ìyá tó bí mi lọ́mọ kiri Uptown, ní Houston, tí ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì sì há mọ́ wọn lẹ́yìn mi. Ẹ má tíì bínú sí mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Nígbà yẹn, fóònù alágbèéká ṣì jẹ́ nǹkan ọlọ́lá. Mo ti kúrò ní akẹ́kọ̀ọ́, mo ti di ẹnjiníà, mo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Greenspoint, mo sì rò pé kò sí ohun tó ní nọ́ọ̀tì àti bóòtì tí mi ò mọ̀. Ìyá mi wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Bàálù tó gbé wọn wá mì jìgìjìgì lórí òkun débi pé, bí wọ́n ti rí mi ní pápákọ̀, kí wọ́n tó gbá mi mọ́ra pàápàá, wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bàálù kankan ò ní rí mi mọ́, àfi èyí tó máa gbé mi padà sílé." A rẹ́rìn-ín. A rò pé àwàdà ni.

Àfi ìgbà tí àbúrò mi obìnrin tó wà ní Atlanta pè, tó ní oyún òun ti fẹ́ pé oṣù, òun ò sì mọ ẹni tí yóò bá òun wẹ ọmọ. Àkọ́bí rẹ̀ ni. Ó ń sunkún lórí fóònù. Ìyá mi ní àwọn máa lọ, wọn ì báà fẹsẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n bàálù kọ́ o. Mọ́tò kékeré tí mo ní ò sì ṣeé ṣe, torí orúnkún wọn kì í jẹ́ kí wọ́n ká ẹsẹ̀ pẹ́, wọn kì í sì í lè jókòó pẹ́ láìlọ tọ̀. Bẹ́ẹ̀ Atlanta kì í ṣe ìtòsí Houston rárá.

Ibẹ̀ ni mo ti dìde láàárín pálọ̀ wa, mo ní, "Ó yá, ẹ jẹ́ ká ra mọ́tò onílé."

Ẹni tí kò bá rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ilé tó ń rìn ni. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà, fíríìjì wà, tọ́ílẹ́ẹ̀tì wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ó ti pẹ́ tó ti wọ̀ mí lójú. Òyìnbó kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan, gbogbo ìgbà tó bá sì gbé e wá sí ọ́fíìsì ni mo máa ń rí ìdí tí mo fi gbọ́dọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá. Ọ̀rọ̀ ìyá mi kàn fún mi ní àwáwí ni.

Tuntun kọjá agbára wa, àlòkù la máa rà. Ìyàwó mi, Ìyá Látífà, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wá inú ìwé ìròyìn, ó rí méjì. Ọ̀kan ò tíì lò ju ọdún díẹ̀ lọ, ó wà ní ọgbà tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ lẹ́bàá títì márosẹ̀ tí wọ́n ń pè ní freeway. Èkejì ti dàgbà gan-an, ọwọ́ tọkọtaya arúgbó kan ní The Woodlands, ní àríwá Houston, ló wà. Owó tí wọ́n ń béèrè lórí méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, mo wá ń wò ó pé, kí ló lè gbé ọlọ́gbọ́n lọ sọ́dọ̀ arúgbó?

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Látífà, ẹ má wo ti ọjọ́ orí nìkan. Mo ń tọ́jú ọmọ ogún ọdún tí ọkàn rẹ̀ ti ń ṣe wọ́n-ún wọ̀n-ùn, mo sì ń tọ́jú ẹni ọgọ́rin ọdún tó ń bi mí pé ta ló máa bá òun jó. Bí wọ́n ṣe lo ara wọn ni."

Mo ní, "Ìyá Látífà, mọ́tò kì í ṣe aláìsàn."

Ó wò mí, ó mi orí. Ó máa wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé náà, nítorí náà ó kọ́ mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ tó fẹ́ lọ dá nǹkan rà lọ́jà: "Ẹ wo òrùlé bóyá òjò ń wọlé. Ẹ tẹ ilẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Ẹ béèrè ọjọ́ orí táyà, ẹ má wo dídán ara rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sanwó lọ́jọ́ náà." Mo ní mo ti gbọ́. Lóòótọ́, etí mi gbọ́.

Èmi àti ìyá mi dé ọgbà ọkọ̀ náà. Háà! Ọkọ̀ náà funfun bí ẹyin, ó ń kọ mànàmáná. Awọ ni wọ́n fi bo àga rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n wà lókè ibi tí dírẹ́bà ń jókòó sí. Kápẹ́ẹ̀tì tuntun bo ilẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó nípọn débi pé ẹsẹ̀ ń rì sínú rẹ̀, mo sì rò pé ọlá nìyẹn. Ọkùnrin tó ń tà á dé fìlà ńlá àwọn darandaran Texas, ó wọ bàtà onígìgísẹ̀. Bó ti rí ìyá mi, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń pè wọ́n ní "Mama! Mama!"

Ìyá mi bi mí ní jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé ó mọ̀ mí rí ni?"

Wọ́n wọlé, wọ́n fa imú. "Ọmọ mi, inú ibí ń rùn bí aṣọ tá a ká nígbà tí ò tíì gbẹ."

Èmi ẹnjiníà dáhùn pé, "Màmá, òórùn nǹkan tuntun nìyẹn."

Ni mo bá jókòó sídìí sítíárìn. Onífìlà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìyá mi na ẹsẹ̀ sórí àga gígùn lẹ́yìn. Ìwọ̀nba ojú títì kékeré tó yí ọgbà ká ni ọkùnrin náà ní ká rìn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká jẹ́ kó nasẹ̀ díẹ̀, ká dé Uptown. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní Uptown? Mo ní ọ̀rẹ́ kan tá a jọ máa ń kírun Jímọ̀, tó ń tún aago ṣe nínú ilé-ìtajà ńlá kan níbẹ̀. Ọkùnrin yìí ti fi mọ́tò kékeré mi ṣe ẹlẹ́yà rí níwájú àwọn èèyàn. Mo fẹ́ kó rí mi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A bọ́ sí Uptown, mo ṣàkíyèsí pé àwọn èèyàn ń juwọ́ sí wa. Obìnrin kan juwọ́, bàbá kan nínú pikọ́ọ̀pù juwọ́, ó tún ń fọn fèrè. Inú mi dùn. Èmi náà ń juwọ́ sí wọn bí ọba tó ń gba ìlú kọjá. Àṣé àtẹ̀gùn ọkọ̀ ni a ò ká wọlé kí á tó gbéra. Ó ti gbá agolo ìdọ̀tí kan létí títì, ó sì ti há mọ́ ọn, a sì ń wọ́ ọ tẹ̀lé ara wa bí ẹni fa ewúrẹ́ lọ sílé àna. Onífìlà ló bọ́ sílẹ̀ nígbà tí iná dá wa dúró, tó lọ tú u.

Bó ti wọlé padà ni òjò Houston dé, ẹ sì mọ̀ pé òjò ibẹ̀ kì í sọ fúnni kó tó dé. Kò pẹ́, ohun tútù kan kán sí mi lọ́rùn. Mo nù ún. Òmíràn kán. Mo gbójú sókè: láti abẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni omi ti ń bọ̀, ó ń kán lé wa lórí díẹ̀díẹ̀. Mo wo Onífìlà. Onífìlà ń wo títì.

"Mo fẹ́ tọ̀," ni ìyá mi wí lẹ́yìn, mo sì gbọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì.

A dé ilé-ìtajà náà. Nítorí òjò, mo ní kí n yà sábẹ́ ilé ìgbọ́kọ̀sí wọn. Onífìlà pariwo, ó na ọwọ́, ṣùgbọ́n mo ti yà. Ọ̀pá kan rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ tí wọ́n fi ń díwọ̀n gíga ọkọ̀. Mo gbọ́ gbàgà! lórí wa. Ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lórí òrùlé ti lọ fẹnu kò ó lẹ́nu. Mo tẹ bírékì. Mọ́tò ti tò sẹ́yìn wa, gbogbo wọn ń fọn fèrè. Sìkiọ́rítì méjì sáré jáde. Àwọn tó wá rajà dúró, wọ́n ń wò. Nínú wọn ni ọ̀rẹ́ mi aláago wà. Ṣebí mo ní kó rí mi ni? Ó rí mi.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn ìyá mi láti inú tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ohùn náà balẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń béèrè iyọ̀.

"Ọmọ mi."

"Màmá!"

"Ẹsẹ̀ mi kan ti wọlẹ̀."

"Wọlẹ̀ báwo, Màmá?"

"Ilẹ̀ ibí ti jẹrà. Bí o ti tẹ bírékì, mo fi ẹsẹ̀ tì í, ó sì gbé e mì dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo ti fà á yọ, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ò ṣí."

Mo sáré dé ibẹ̀, mo fa ilẹ̀kùn, kò mira. Onífìlà fà á, fìlà rẹ̀ jábọ́. Sìkiọ́rítì kan wọlé, ó tóbi bí àpótí aṣọ, ó ní kí á sún, òun máa fi èjìká fọ́ ọ. Mo ń sọ fún ìyá mi pé kí wọ́n sún sẹ́yìn.

Wọ́n ní, "Ẹ̀yìn wo? Sọ fún un kó má fọ́ ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Òjò ló mú pákó wú. Ṣé o ti gbàgbé ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wa lásìkò òjò ni? Gbé e sókè, kó o tó fà á."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo gbé e sókè, mo fà á. Ó ṣí fẹ̀rẹ̀.

Ìyá mi jáde. Gèlè wọn kò yẹ̀ rárá. Wọ́n wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé fìlà ọkùnrin náà nílẹ̀, wọ́n gbọn eruku rẹ̀, wọ́n fún un. Wọ́n bọ́ sílẹ̀ nínú òjò, wọ́n sì fi gẹ̀ẹ́sì kí gbogbo èrò pé, "Good afternoon." Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo ti ń gbé ayé pẹ́ ná, mi ò tíì rí ẹni tó jáde nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó níyì tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tá a ṣí kápẹ́ẹ̀tì tuntun yẹn, pákó abẹ́ rẹ̀ ti rà bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Onífìlà kò sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù tó sán, èmi náà ò sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó jẹrà. A dá ọkọ̀ padà sí ọgbà.

Nílé, Ìyá Látífà béèrè bí ó ṣe lọ. Kí n tó lanu, ìyá mi ti dáhùn: "Ó lọ dáadáa. Ọkọ rẹ mú mi gbafẹ́ káàkiri ìlú." Wọn kò fi ọ̀rọ̀ kan tì mí lójú. Èmi fúnra mi ni mo rò gbogbo rẹ̀, ìyàwó mi sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, gbogbo wa lọ sí The Woodlands. Mọ́tò arúgbó náà kò lẹ́wà, ẹ má jẹ́ n purọ́. Kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pọ́n bí epo pupa, kọ́tìnì rẹ̀ dà bí aṣọ ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n bàbá tó ni ín kọ́kọ́ sọ àléébù rẹ̀ fún wa ná: ó ń mu epo bí ìbákasíẹ, fíríìjì rẹ̀ kì í tètè tutù, bí nǹkan kan bá sì bà jẹ́, ó lè pẹ́ ká tó rí èyí tá a máa fi dípò. Ẹ̀yìn ìyẹn ló gbé àkàbà, tó ní kí n gòkè wo òrùlé. Gbogbo ojú ìpàdé rẹ̀ ló ti fi ọ̀dà dí. Ìyàwó mi béèrè táyà, bàbá ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ wọn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú àwọn ti tẹ́lẹ̀ kò tíì jẹ, torí táyà tó bá ti pẹ́ jù lè bẹ́ lójijì. Ìyá mi ní tiwọn ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ gbì, gbì, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìyàwó bàbá náà kò béèrè ìdí, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó dara pọ̀ mọ́ wọn, àwọn ìyá méjèèjì sì ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Ilẹ̀ kò mira. A rà á.

Ọkọ̀ náà gbé wa dé Atlanta. Ó rọra ń lọ ni o. Tírélà ń yà wá sílẹ̀ lórí òkè, ilé epo sì di ilé àna mi. Ṣùgbọ́n ìyá mi na ẹsẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kírun nígbà tó yẹ, wọ́n tọ̀ nígbà tó wù wọ́n, ilẹ̀kùn sì ń ṣí. A bá àbúrò mi pẹ̀lú ikùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà tí ọmọ náà dé láyé, ọwọ́ ìyá mi ló kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mo kọ́ ni pé ọ̀rọ̀ kò sí nínú tuntun tàbí ògbólógbòó. Tuntun lè ti jẹrà nínú, ògbólógbòó lè ti bà jẹ́ pátápátá. Ẹni tó tọ́jú rẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò, kó o tó wo ọkọ̀. Kó o sì dúró de ọjọ́ òjò kó o tó lọ wò ó.

Ìgbà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní mọ́sálásí wa wá bá mi pé òun náà fẹ́ ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kí n gba òun nímọ̀ràn. Mo jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀ pátá, títí kan ti agolo ìdọ̀tí. Ó gbọ́ ọ, ó dúpẹ́, ó dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó wẹ̀yìn: "Ẹ̀gbọ́n, èyí tẹ́ ẹ wí yẹn, ṣé tẹlifíṣọ̀n wà nínú rẹ̀?"

Mo fẹ́ bínú. Ẹ̀rín ló pa mí. Ta ni mo fẹ́ bá wí?