Àwo Tí Akínlabí Jù Láti Ojú Fèrèsé

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá? Ẹ má wulẹ̀ dáhùn, irọ́ lẹ ó pa. Kì í ṣe òkò rárá. Àwo orin ni.

Akínlabí ń ta àwo lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó kọjú sọ́jà Ìkirun. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, yóò gbé àwọn orin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sórí ẹ̀rọ, gbohùngbohùn á máa ké sọ́jà. Èyí tó bá wù ú, ì báà ṣe orin ijó fọ́ńkì tí ń gbọn ni nídìí, ì báà ṣe orin ijó háòsì tí olórin fi gbogbo ọkàn kọ, ó ti tà nìyẹn. Èyí tí kò bá wù ú, ojú fèrèsé ló ń gbà jáde. Kì í sì í wo ìsàlẹ̀!

Ọ̀kan já sínú agbada epo alákàrà. Wọ́n pariwo, ó rẹ́rìn-ín. Òmíràn gba fìlà lórí Bàbálọ́jà. Akínlabí sọ̀kalẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀ fún un, ó gòkè padà, ó tún ju òmíràn.

"Etí mi kì í ṣe ààtàn," ohun tó máa ń wí nìyẹn.

Wúràọlá, ìyàwó rẹ̀, a sì máa kọrin nídìí ààrò. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohùn yẹn! Ó yọ́ lọ gba orin tirẹ̀ sílẹ̀ sórí àwo, orin pẹ̀lẹ́ tí ìlù rẹ̀ kì í kánjú. Kò kọ orúkọ sí i, kí ọkọ má baà tìtorí ìyàwó yìn ín. Ẹyọ àwo kan ṣoṣo tí wọ́n tẹ̀ fún un ló fi há àárín àwọn àwo tuntun tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ gbọ́. Ló bá gbé igbá tòmátì rù, ó lọ dúró lábẹ́ fèrèsé, ó ń retí ohùn ara rẹ̀.

Ìlù bẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́. Kí ohùn tó wọlé, Akínlabí ti pòṣé, bí ẹni gbọ́ orin òkú.

"Ta ló kú?"

Ó jù ú láti ojú fèrèsé. Gbàgà! Àwo fọ́ sínú igbá, omi tòmátì ń ṣàn lójú Wúràọlá.

Akínlabí yọrí. "Ta ló wà níbẹ̀ yẹn? Ẹ má bínú o, orin burúkú kan ni!"

"Èmi ni," Wúràọlá dáhùn. "Orin mi sì ni."

Akínlabí sáré wá ṣa àfọ́kù, ó fi àtè lẹ̀ ẹ́, ó gbé e sórí ẹ̀rọ. "Kọ́, kọ́, kọ́" nìkan ló ń dún. Àwọn ará ọjà ní ṣé tuntun nìyẹn, àwọn fẹ́ rà á. Ó bẹ ìyàwó títí pé kó fẹnu kọ ọ́ fún òun. Wúràọlá ní òun ti gbàgbé. Láti ọjọ́ náà, ìdí ààrò wọn dákẹ́, ó sì ń dùn mí, torí èmi aládùúgbò wọn náà a máa fetí gbọ́ orin rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri.

Nígbà tí àwọn àgbà fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà pa òwe, wọ́n rò ó pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní àwo tí yóò sọ nù, ṣùgbọ́n kò síbi tí òkò ti wọ́n. Ni wọ́n bá ní: bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.