Kámẹ́rà Dominic Kì Í Purọ́

Ẹ bá mi wá ẹni tó lè fọ́nnu ju Dominic Ọláìtán lọ ní gbogbo Òkìtìpupa, kí n fi ọwọ́ ara mi ro púpurú fún un. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, kò sí. Ayafọ́tò ni Dominic. Àwọn ayafọ́tò yòókù ń ya fọ́tò. Dominic ń sọ̀rọ̀. Fọ́tò a máa tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn nígbà mìíràn, bí àyè bá wà.

Ìgbà tó wá ra kámẹ́rà ńlá ni ọ̀rọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà yìí kò ní dígí nínú bíi ti àtijọ́, ojú inú rẹ̀ sì fẹ̀ ju ti gbogbo kámẹ́rà àdúgbò lọ. Ó tún ra lẹ́ńsì kan tí ọrùn rẹ̀ ń sún sókè sódò, tó sì tún ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó ṣe lẹ́ńsì kò mọ ẹni tó ṣe kámẹ́rà rí, àfi ìgbà tí Dominic fi òrùka irin kan so àwọn méjèèjì pọ̀. Wọ́n ní bí ilé bá wọ́ nínú fọ́tò, lẹ́ńsì yìí ló ń mú un nàró.

"Dominic kì í wà nílùú kórí ilé tuntun wọ́!" Bó ṣe ń pa òwe yẹn káàkiri nìyẹn. Àwọn àgbà ló ni òwe náà tẹ́lẹ̀, àmọ́ Dominic ti gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ní Akótógbó, Bàbá Mákánjúọlá tó ń ṣe epo pupa ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé alájà méjì tán. Ilé náà rẹwà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá dúró lójú títì tó gbé kámẹ́rà sókè sí i, nínú fọ́tò, ilé á dà bí ẹni tó fẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Àwọn tí inú wọn ò dùn sí ilé náà wá ń fi fọ́tò wọ̀nyẹn ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù pé ilé Bàbá ti wọ́. Ó ń dun Bàbá gan-an.

Dominic gbọ́, ó ní òun yóò yà á ní ọ̀fẹ́. Ọ̀fẹ́! Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe nítorí ilé. Ṣìkẹ́mi ọmọ Bàbá ló wà lọ́kàn rẹ̀, ọmọ tó rẹwà, tó ń ṣe olùkọ́ pẹ̀lú mi nílé ìwé kan náà ní Òkìtìpupa. Àwọn méjì ló ń bẹ Bàbá nítorí rẹ̀: Dominic yìí, àti Jethro tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Òde-Ìrèlè. Jethro kì í sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá kí i, ó máa rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó parí.

Bàbá ní, "Ó kéré tán, Dominic ń sọ̀rọ̀." Ó wá ṣèlérí pé ọjọ́ ìṣílé lòun máa dárúkọ ẹni tí ẹbí rẹ̀ yóò wá tọrọ Ṣìkẹ́mi.

Ọjọ́ ìṣílé pé. Dominic bẹ̀ mí pé kí n bá òun gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé kámẹ́rà dúró, èmi náà sì tẹ̀ lé e, nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n ròyìn rẹ̀ fún mi. Pásítọ̀ gbàdúrà tán, ẹbí tò sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, Dominic bá bẹ̀rẹ̀ ìwàásù tirẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn Akótógbó! Kámẹ́rà yìí kì í purọ́. Ẹni tó bá hàn kedere nínú rẹ̀, ẹni gidi ni. Ẹni tí kò bá hàn, ẹ mọ̀ pé kò níláárí!"

Ìyá Ṣìkẹ́mi ní, "Wọ́n ní kò ní dígí nínú. Kí ló wá fi ń ríran?"

"Làákàyè ni, Mà!"

Ó tẹ bọ́tìnnì. Kámẹ́rà ò dún. Ó tún un tẹ̀. Ó dákẹ́ bíi Jethro. Ṣìkẹ́mi sún mọ́ ọn, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì kà á sókè.

"Bọ̀dá Dominic, ó kọ ọ́ síbí pé kò sí lẹ́ńsì lára òun."

Lẹ́ńsì tó tóbi tó òkèlè ẹni tí ebi ń pa! Gbogbo àtẹ̀gùn bú sẹ́rìn-ín.

"Irọ́ ló ń pa!" ni Dominic fi ìbínú sọ.

Ìyá ní, "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní kì í purọ́?"

Òrùka irin yẹn ni ò jẹ́ kí kámẹ́rà mọ̀ pé lẹ́ńsì wà lára òun. Dominic tú inú ẹ̀rọ náà kiri títí òógùn fi ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀, kó tó ráyè sọ fún un pé kó máa yà láìbéèrè lẹ́ńsì. Ẹnu àìmẹ́nu! Bí ọmọdé bá ní kámẹ́rà bí àgbà, kò lè ní fọ́tò bí àgbà.

Ó kù kó mú ilé dúró. Kókó méjì ló wà lára lẹ́ńsì. Dominic yí èkíní, ilé ṣì wọ́. Ó yí i dé ìparí, ilé ò mira. Ó wá yí èkejì, ilé bá nàró ṣánṣán. Inú rẹ̀ dùn.

Mo ní, "Dominic, èyí tí o kọ́kọ́ yí ńkọ́? Ṣé o ò ní dá a padà ni?"

Ó ní, "Ìwọ di irin mú."

Mo di irin mú.

Ó wá ń to àwọn èèyàn. Bàbá àti Ìyá wà láàárín, Ṣìkẹ́mi jókòó sí ìpẹ̀kun òsì níwájú. Àga ọ̀tún Bàbá ṣófo. Ẹ ò nílò kí n sọ ẹni tó pa á mọ́ fún ara rẹ̀. Jethro fẹ́ dúró lẹ́yìn Ṣìkẹ́mi.

"Ìwọ! Bọ́ sẹ́yìn pátápátá, lápá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ibẹ̀ lo ò ti ní ba fọ́tò jẹ́."

Jethro lọ síbẹ̀. Dominic ní kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ka ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó yà, ó sáré lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, ó sì fi gbogbo eyín síta. Kámẹ́rà dún.

Mo ní kí á kọ́kọ́ wò ó. Ó ní sùúrù kì í gbé ọ̀dọ̀ olùkọ́, pé tẹlifíṣọ̀n ńlá Bàbá ló yẹ irú fọ́tò yẹn. Gbogbo wa wọ yàrá ìgbàlejò. Ó so wáyà mọ́ ọn.

Ilé dúró ṣánṣán! Bàbá pariwo, "Ilé mi rèé! Ẹni tó bá tún ní ó wọ́, kó wá sọ ọ́ síbí!"

Ìyá ní, "Ilé rèé lóòótọ́. Àwa dà?"

Ẹ gbà mí o. Èéfín tó dé fìlà ló wà níbi tí Bàbá jókòó sí. Èéfín tó wé gèlè ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pásítọ̀ di ìkùukùu. Èéfín kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún Bàbá tí nǹkan funfun fẹ̀ láàárín rẹ̀. Eyín la fi dá Dominic mọ̀. Kókó tí kò dá padà yẹn ti tẹ lẹ́ńsì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú kámẹ́rà wá gba ọ̀nà ìdábùú láti iwájú lápá òsì dé ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Ẹni méjì péré ló wà lọ́nà yẹn. Ṣìkẹ́mi àti Jethro.

Wọ́n hàn débi pé ẹ lè rí òwú tí wọ́n fi rán bọ́tìnnì Jethro. Àti pé Jethro ò wo kámẹ́rà. Ojú rẹ̀ wà lára Ṣìkẹ́mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ṣìkẹ́mi náà ti yíjú sẹ́yìn, ẹ̀rín wà lẹ́nu tirẹ̀ náà.

Bàbá wo tẹlifíṣọ̀n títí, ó wá yíjú.

"Dominic, ọma mi. Ṣé ẹ̀rọ yìí ṣàṣìṣe ni?"

Ẹ wo bí ayé ṣe lè rọrùn tó! Kó kàn sọ pé, "Bàbá, mo gbàgbé kókó kan," a ó padà síta, a ó yà á lẹ́ẹ̀kejì, òun á sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá bí ọkọ ọmọ. Mo fi ìgúnpá gún un. Ó wo Pásítọ̀, ó wo gbogbo Akótógbó tó kún ẹnu ọ̀nà, ó sì na àyà.

"Kámẹ́rà mi kì í ṣàṣìṣe, Sà."

Bàbá mi orí. "Ó dáa. Ẹni tó hàn kedere, ẹni gidi ni. Jethro, sọ fún àwọn ẹbí rẹ kí wọ́n máa bọ̀."

Jethro dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nígbà tó dìde, ó lọ bá Dominic, ó sì la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

"Ẹ ṣeun, Bọ̀dá. Ibi tí ẹ ní kí n dúró sí yẹn dáa."

Dominic ò sọ̀rọ̀. Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, torí mi ò rí irú rẹ̀ rí. A ń gbé ẹrù wa lọ síbi ọ̀kadà nígbà tí Ṣìkẹ́mi sáré bá wa.

"Bọ̀dá Dominic, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà lẹ máa ya ìgbéyàwó wa o."

Bí omi ṣe ń padà sínú ewéko, bẹ́ẹ̀ ni Dominic ṣe nàró. Ó gbé kámẹ́rà sókè. "Háà! Èyí ṣì kéré! Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, lẹ́ńsì mi yìí yóò—"

"Rárá o," ni Ṣìkẹ́mi dáhùn. "Fóònù ni kẹ́ ẹ mú wá."