Kéèkì Ẹni Tó Ń Fẹ̀yìntì

Bí ẹnikẹ́ni bá ń fẹ̀yìntì nílé búrẹ́dì yìí, Bàbá Ààrò ní ń ṣe kéèkì rẹ̀. Ẹlòmíràn ò mọ̀ ọ́n ṣe, ẹni tó bá sì ra kéèkì wọlé láti ìta ti wá ìjà Bàbá. Lónìí wàyí, Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń fẹ̀yìntì. Àwọn òṣìṣẹ́ forí korí, wọ́n ní kí Àǹtí Kántà, tó ń ta búrẹ́dì níwájú, lọ bẹ Bàbá níṣẹ́ kéèkì bíi pé oníbàárà ló fẹ́ ẹ. Àǹtí tí kì í purọ́ kó má làágùn ni wọ́n rí rán o!

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Wọ́n ń bèèrè kéèkì ńlá kan."

"Lónìí tí mo ń kó ẹrù mi?" Bàbá ti ń ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. "Sọ fún wọn pé ààrò ti tutù."

Àǹtí nawọ́ sí ẹnu ààrò, ó fà á padà kíá. "Yéè! Ó ṣì ń jóni, Bàbá."

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kàn án? Ta ni oníbàárà ọ̀hún?"

"Àwọn òṣìṣẹ́ ibì kan ni. Àgbà wọn kan ló ń fẹ̀yìntì."

"Nígbà wo?"

"Lónìí."

"Bíi tèmi?"

"Háà! Ayé mà kéré o, Bàbá!" Àǹtí fi etí ìborùn nu òógùn.

Bàbá jókòó sórí àpò fùláwà. "Ṣé o rí i? Ẹlòmíràn rí ẹni ra kéèkì fún un. Èmi tí mo ti ń dáná ààrò yìí kí ìwọ tó mọ búrẹ́dì jẹ, ọ̀gá wa kọjá lára mi láàárọ̀, ó ní kí n má gbàgbé láti fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ o! Àwọn tó ń po fùláwà rí mi, wọ́n sá wọlé. Awakọ̀ tí mo ń fi búrẹ́dì gbígbóná kẹ́, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní ọjọ́ a kú là ń dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ó di ọjọ́ tí mo bá kú."

Àánú Bàbá ṣe Àǹtí dé ọkàn. Ó wù ú kó tú àṣírí náà síbẹ̀, àmọ́ ó ti búra fún àwọn yòókù.

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ẹ ṣáà bá wa... ẹ bá wọn ṣe é."

Bàbá dìde, ó ń kùn. Ó fọ́ ẹyin. "Ṣé èèyàn gidi tiẹ̀ ni àgbà tiwọn yìí?"

"Èèyàn gidi ni. Ó kàn máa ń kùn díẹ̀ ni."

"Mo mọ irú wọn. Ọ̀lẹ ni."

"Kì í ṣe ọ̀lẹ o!"

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ojú àwọn oníbàárà ló fi hàn bẹ́ẹ̀, sà."

Bàbá bu ṣúgà, ó wò ó títí, ó sì dà á padà sínú agolo.

"Bàbá, ṣúgà ńkọ́?"

"Fún ta? Ṣúgà ò dáa fún àgbàlagbà."

"Bọ́tà yẹn náà kéré o."

"Kó má baà sanra ni."

"Ẹ dákun, Bàbá, ẹ bù sí i!"

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Ṣé ìwọ lo máa jẹ ẹ́ ni?"

Àǹtí tún nu òógùn. "Rárá o."

Kéèkì jinná, ó tutù. Bàbá gbé ohun ìkọ̀wé rẹ̀. "Kí ni kí n kọ sí i lórí?"

"'A ò ní gbàgbé yín láé.'"

"Irọ́! Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gbàgbé rẹ̀." Síbẹ̀ ó kọ ọ́, ó sì gún régé. "Gbé e lọ. Mò ń lọ sílé."

"Ẹ bá mi gbé e, Bàbá, ó wúwo."

"Kò sí bọ́tà nínú rẹ̀, kí ló máa wúwo?"

Ṣùgbọ́n ó gbé e. Bó ṣe fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn iwájú ni ariwo sọ: ọ̀gá, àwọn tó ń po fùláwà, awakọ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, gbogbo wọn ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀. Àǹtí sáré gba kéèkì kó má baà já, ó gbé e síwájú rẹ̀ lórí kántà.

"Bàbá, ẹ̀yin ni àgbà ọ̀hún."

Bàbá ka ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ó tún un kà. Omi lé ròrò sí i lójú. "Ẹ̀yin ọmọ yìí... ẹ ò gbàgbé mi."

"Ta ló lè gbàgbé yín?" Àǹtí náà ti ń sunkún. "Ilé yìí ò ní dùn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́."

Wọ́n fi ọ̀bẹ lé Bàbá lọ́wọ́. Ó gé kéèkì, ó jẹ ẹ́ lọ, ó jẹ ẹ́ bọ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ṣúgà dà?"

"Ẹ ní kò dáa fún àgbàlagbà, sà."

"Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀." Bàbá gbé kéèkì náà mì tipátipá, ó sì nu ojú rẹ̀. "Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ ti ṣe àṣìṣe. Ẹni tó bá ṣe irú kéèkì yìí, wọn kì í yẹ́ ẹ sí. Lílé ni wọ́n ń lé e!"