Ìlẹ̀kẹ̀ Ìdí Nínú Táyà Mi

Ọjọ́ tí wọ́n tú táyà mi lójú gbogbo Ìbàfò kò tíì kúrò lọ́kàn mi, mi ò sì rò pé ó ń palẹ̀ mọ́ láti lọ.

Mọ́tò mi ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí mo bá ti sáré díẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀, sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe báláǹsì ẹsẹ̀ mọ́tò ní Mowé, wọ́n lẹ òjé kéékèèké mọ́ ríìmù, ó dákẹ́. Ìgbà tí mo fi máa wọ kòtò bíi mélòó kan, òjé ti já dà nù, gbígbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ padà. A ṣe é, a tún un ṣe, ó sú mi.

Ká ní èmi nìkan ló ń gbọ̀n ni, ǹ bá fara dà á. Ṣùgbọ́n ìsinmi ìbímọ ìyàwó mi, Bùkọ́lá, ti parí, wọ́n sì ti ránṣẹ́ sí i láti ibi iṣẹ́ pé kó wọlé, tàbí kó kúkú jókòó sílé pátápátá. Àfi kí ìyá rẹ̀ wá láti Ìfọ̀ wá mójú tó ọmọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ lọ nìyẹn. Màmá sì ti gun mọ́tò mi rí. Wọ́n ní látìgbà náà ni ìbàdí àwọn ò ti jẹ́ tàwọn mọ́. Wọ́n ní nítorí ọmọ, àwọn á tún gùn ún, ṣùgbọ́n bó bá fi lè gbọ̀n, àwọn á sọ̀ kalẹ̀, Ìfọ̀ náà làwọn á sì padà sí.

Orí fóònù ni mo ti rí ojútùú. Òyìnbó kan tó ń wa ọkọ̀ àjàgbé ló ń ṣàlàyé pé òun kì í lẹ òjé. Ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké lòun ń dà sínú táyà. Bí táyà bá ti ń yí kíkankíkan, ìlẹ̀kẹ̀ á fúnra rẹ̀ wá ibi tó fúyẹ́ lọ, á jókòó síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì dọ́gba. Òmíràn ní bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù lòun ń lò. Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ló wọ̀ mí lọ́kàn. Mo béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá mo ti jẹun. Ìgbà náà ni mo rántí agolo bisikíìtì tí ìyàwó mi ń kó ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀ sí. Látìgbà tó ti bímọ ni kò ti gba ìdí rẹ̀ mọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ ṣáà ni ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn àgbà ní ìdí ọmọ ẹni kì í burú ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíì. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa táyà.

Fókanáísà àdúgbò wa wo ìlẹ̀kẹ̀, ó wò mí. Ó béèrè bóyá kóun já okùn wọn. Mo ní kó já a, ṣùgbọ́n mo ń kánjú, ló bá já díẹ̀, ó kó ìyókù sínú ẹsẹ̀ iwájú bí wọ́n ṣe wà. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ ò dé ọ̀dọ̀ mi lónìí o.” Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Ká sọ tòótọ́, ó ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo gbé Màmá ní Ìfọ̀, tí a ń fà díẹ̀díẹ̀ gba Àjùwọ̀n, ìlẹ̀kẹ̀ ń dún nínú táyà bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Màmá béèrè ohun tó ń dún, mo ní ọgbọ́n tuntun láti òkè òkun ni. Ṣùgbọ́n bí a ṣe bọ́ sójú ọ̀nà márosẹ̀ tí mo tẹ iná mọ́ ọn, ariwo dákẹ́, sítíárìn sì dúró jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ mi. Màmá fẹ̀yìn ti àga. “Ẹ ṣeun o, ọkọ mi. Ọlọ́run á máa fọgbọ́n kún ọgbọ́n yín.” Látọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọmọ wọn, wọn ò sọ irú ẹ̀ sí mi rí. Mi ò tíì ṣe àmín tán tí ìṣó fi wọ táyà wa ní Ìbàfò. Ẹsẹ̀ iwájú náà ni.

Mo bẹ fókanáísà ibẹ̀ pé kó dí i látìta. Ó ní ihò náà tóbi, àfi kóun tú u. Ó fi irin ṣí táyà kúrò lára ríìmù, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó sì fa bèbè ìdí obìnrin kan jáde, ó gùn, ó pupa, okùn rẹ̀ pé. Ó fa èkejì. Ó ju irin sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

Mi ò mọ ibi táwọn èèyàn ti jáde. Àwọn tó ń ta búrẹ́dì gbé àtẹ wọn wá. Àwọn ọlọ́kadà pa ọ̀kadà. Iṣẹ́ oníròyìn ni mò ń ṣe, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí mo ti ń wá àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn kiri. Lọ́jọ́ náà, wọ́n wá mi wá. Ọ̀kan ní òun rí mi tí mò ń bá táyà sọ̀rọ̀. Obìnrin alábúrẹ́dì kan ní ojú òun ló ṣe tí mo fi gbé obìnrin kan lọ́jọ́ kan, tí onítọ̀hún ò sì padà wá. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń fi fóònù ká mi sílẹ̀ ń sọ fún àwọn tó ń wò ó pé orí èèyàn ló wà nínú bùúùtù. Iṣu àti gààrí Màmá ló wà níbẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ yẹn gẹ́lẹ́ ni èmi náà ì bá ṣe kọ ọ́.

Mo ṣàlàyé. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé tó ló ń jọ oògùn owó tó. “Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn máa ń fúnra ẹ̀ rìn lọ síbi tó yẹ kó wà,” ni mo sọ, àwọn tó wà níwájú sì sún sẹ́yìn. Mo gbọ́ tí ọlọ́kadà kan ń béèrè epo bẹntiróòlù, kì í sì í ṣe torí ọ̀kadà rẹ̀.

Màmá ti sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gba ìlẹ̀kẹ̀ náà, wọ́n wò ó, ojú wọn yí padà.

“Ọwọ́ mi ni mo fi sín èyí fún Bùkọ́lá.”

Ọlọ́kadà yẹn wá rọra béèrè pé, “Màmá, níbo ni Bùkọ́lá wà báyìí?”

Àwọn èrò ní kí n pè é, kí n jẹ́ kí gbogbo èèyàn gbọ́. Fóònù dún títí kó tó gbé e. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ fún wọn pé òun wà láàyè. “Dádì Tóbi, ṣé ẹ̀yin lẹ kó ìlẹ̀kẹ̀ mi? Látàárọ̀ ni mo ti ń pe ará ilé wa lólè.” Mo rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ká mi sílẹ̀ mi orí, ó ní AI ni, pé ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n fi ń ṣe ohùn òkú lóde òní. Wọ́n gbà á gbọ́.

Inú wá bí Màmá. “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ lójú ṣá? Ẹ ní ó ṣe oògùn owó. Ẹ wo mọ́tò tó ń gùn. Ẹ wo bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀. Kó tó fẹ́ ọmọ mi ló ti ń wọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ oògùn owó rèé, ẹ bá mi mú ẹni tó ṣe é fún un, ó lu ọmọ mi ní jìbìtì.”

Gbogbo wọn wo mọ́tò. Wọ́n wo bàtà. Èmi náà wò ó. Àánú ni mo kọ́kọ́ rí lójú wọn, kí ẹ̀rín tó dé. Ọlọ́kadà tó ń wá epo bọ̀ mí lọ́wọ́. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọlọ́run á ṣe é fún yín.” Alábúrẹ́dì tí ọ̀rọ̀ obìnrin tó sọnù ṣojú rẹ̀ fún mi ní búrẹ́dì lọ́fẹ̀ẹ́.

Fókanáísà dí táyà, ó kọ̀ láti da ìlẹ̀kẹ̀ padà. Màmá dì í sétí gèlè wọn, wọ́n ní ìdí ọmọ àwọn làwọn sín in fún, kì í ṣe ìdí mọ́tò. Bí a ṣe gbéra, sítíárìn tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo ń retí kí wọ́n ní kí n sọ àwọn kalẹ̀, kí iṣẹ́ ìyàwó mi sì gba ibẹ̀ lọ. Wọ́n di ilẹ̀kùn mú.

“Ẹ jẹ́ kó máa gbọ̀n. Ó sàn ju kí wọ́n dáná sun wá.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbọ̀n dé ilé wa ní Mowé, ìyàwó mi sì wọlé síṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun àti ará ilé wa ò tíì máa kíra dáadáa.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ọgbọ́n tí èèyàn ò bá lè ṣàlàyé fún èrò ẹ̀bá ọ̀nà, kó má gbé e gba ẹ̀bá ọ̀nà. Ìyàwó mi ti ń dá mi láàmú pé kí n ra bàtà mìíràn. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo sì máa ń sọ fún un pé kó fi mí sílẹ̀ ná: mo ṣì ń gba Ìbàfò kọjá.