Ìkẹrin Ló Dùn Jù

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń kọ́ni ní ètò ọrọ̀ ajé nà gbalaja sórí àga ìyọyín, iná ńlá tàn sí i lójú bí ẹni tí ọlọ́pàá ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Láti ìjẹta ni eyín kan ti ń ta á lápá ọ̀tún nísàlẹ̀. Kò jẹun, kò sùn, kò sì lè kọ́ni, inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ń dùn. Dókítà eyín, obìnrin kan tí kì í dákẹ́ àfi bó bá sùn, ti fọwọ́, ó ti wọ ìbọ̀wọ́.

"Ẹ ya ẹnu. Ẹ yà á dáadáa. Háà, Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹnu yín láyè o!"

"Òun ni mo fi ń jẹun, Dókítà. Ọgbọ̀n ọdún rèé tí mo ti ń—"

"Ẹ má tíì pa á dé. Méjì ni mo fura sí níbí. Ìkẹrin láti iwájú, èyí tí wọ́n ti bá yín dí nígbà kan, àti èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá. Ọ̀kan nínú wọn lọ̀daràn."

"Tẹ̀—"

"Mo ń bọ̀ wá sórí ìyẹn. Wọ́n ní ètò ọrọ̀ ajé lẹ ń kọ́ni, àbí irọ́ ni?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbàgbé ìrora rẹ̀ díẹ̀. Ó tún tíì ọrùn rẹ̀ ṣe.

"Kì í ṣe irọ́."

"Ọlọ́run ló rán yín sí mi!" Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó fa fóònù yọ nínú àpò. "Ọmọ mi obìnrin fẹ́ lọ gba dìgírì kejì nínú ètò ọrọ̀ ajé. Ilé-ẹ̀kọ́ kan péré ni fọ́ọ̀mù náà gbà, ìrọ̀lẹ́ òní ni wọ́n sì máa tì í. Ọmọ náà wà níbi iṣẹ́, wọn ò jẹ́ kí wọ́n gbé fóònù wọlé, ló bá ní, Màámi, ẹ bá mi mú un. Mo ti rí ibi tí wọ́n to gbogbo wọn sí ní ipò ní ipò. Ìkíní ni mo fẹ́ mú. Ta ló ń rí ìkíní tó ń mú ìkejì?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n fò dìde jókòó. Díẹ̀ ló kù kí orí rẹ̀ gbá iná.

"Ẹ má dán an wò! Ipò gbogbogbòò nìyẹn. Ẹni tí ojú ń dùn, ṣé ọ̀dọ̀ yín ló yẹ kó wá torí pé orúkọ yín ròkè?"

"Bó bá ti lè ya ẹnu, màá rí nǹkan yọ."

"Dókítà! Ẹ̀ka lèèyàn fi ń wá ipò. Igi ni ètò ọrọ̀ ajé. Ó ní ẹ̀ka owó, ó ní ẹ̀ka ọjà, ó ní ẹ̀ka ìlera. Ilé-ẹ̀kọ́ tó gba ipò kìíní lápapọ̀ lè máà mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì nínú ẹ̀ka tí ọmọ yín ń lọ. Ẹ̀ka wo ló fẹ́?"

"Ó ń pè é ní lébọ̀ lébọ̀. Mo ní, ìwọ ọmọ yìí, àwọn lébọ̀ tó ń ru kọnkéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, dìgírì wo ni wọ́n gbà?"

"Ẹ̀ka iṣẹ́ nìyẹn."

"Ìṣẹ́ kẹ̀! Ọmọ tí mo fi ìṣẹ́ tọ́, kó tún lọ kọ́ ìṣẹ́ nílé ìwé?"

"Iṣẹ́ ni mo wí! Iṣẹ́! Kì í ṣe ìṣẹ́!"

"Ẹ bi ẹni tó ń gba owó oṣù bóyá ó mọ ìyàtọ̀ wọn."

"Ohun tí ọmọ yín fẹ́ kọ́ gan-an nìyẹn! Ìdí tí ẹni méjì fi ń ṣe iṣẹ́ kan náà tí owó wọn ò dọ́gba. Ọmọ tó gbọ́n ni. Ẹ gbé fóònù yẹn fún mi."

"Ẹ jẹ́ kí n gún yín lábẹ́rẹ́ ná, kó máa bá tiẹ̀ lọ bí ẹ ṣe ń wò ó."

Ó gún un. Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣẹ́jú, ó gba fóònù, ó gbé e sún mọ́ imú, ó ń fi àtàńpàkò yí i lọ sókè, ó ń yí i bọ̀ sísàlẹ̀. Ó fo ipò gbogbogbòò kọjá, ó wọ ibi tí wọ́n ti to ipò ní ẹ̀ka ẹ̀ka, ó wá ẹ̀ka iṣẹ́ kàn. Ojú rẹ̀ là. Ilé-ẹ̀kọ́ tó gba ipò kìíní nínú ẹ̀ka iṣẹ́, ìkẹrin ló wà lókè níbi tí wọ́n ti to gbogbo wọn pọ̀! Ó ya ẹnu láti kéde rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ ti sùn bí aṣọ tútù.

"Ọ́-í-à! O-í-ì í!"

"Ó ti mú. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ ó gé ahọ́n yín jẹ."

Ọ̀jọ̀gbọ́n pa ìka mẹ́ta pọ̀, ó ń fi wọ́n kọ̀wé lójú afẹ́fẹ́, kí wọ́n fún òun ní bírò.

"Abẹ́rẹ́ mìíràn? Ṣé ó ṣì ń ta yín ni? Ẹ ò bá ti wí!"

"Á-á! Á-á!"

"Ẹ fara dà á, agbára rẹ̀ lẹ ń rí yẹn." Ó tún gún un. Lọ́tẹ̀ yìí, etí pàápàá kú. Dókítà gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo irin, ó wọ ìbọ̀wọ́ tuntun, ó mú ẹ̀mú. "Ó yá o. Ẹ sọ fún mi kó dá mi lójú. Èwo ló dùn jù?"

Ọkàn Ọ̀jọ̀gbọ́n ò sí lórí eyín. Olùkọ́ tí ìdáhùn wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò lè sọ ọ́, ìyà rẹ̀ ju ti eyín lọ. Ó na ìka mẹ́rin sókè.

"Ì-ẹ-in! Ì-ẹ-in ó ùn ù!"

"Ìkẹrin ló dùn jù?"

Ó mi orí títí tíì rẹ̀ fi wọ́.

"Mo gbọ́. Ẹ̀rù ti ń bà mí, mo rò pé tẹ̀yìn ni."

Ó ki ẹ̀mú bọ ẹnu rẹ̀. Ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n rí i pé iwájú ni ọwọ́ ń lọ, ojú rẹ̀ yọ síta.

"Ẹ̀-ìn! Ẹ̀-ìn i í ẹ ú!"

"Ẹ̀yin? Kí lẹ ṣe?"

"Ẹ̀-ÌN!"

"Tẹ̀yìn ni kí n... háà! Ilé-ẹ̀kọ́! Tẹ̀yìn ni kí n mú fún ọmọ náà?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́ "tẹ̀yìn", ó gbọ́ "mú". Ó mi orí bí alángbá. Omijé bọ́.

"Ẹ wo ẹni rere! Ó ń tìtorí ọmọ ọlọ́mọ sunkún. Ẹ má mira." *Pọ̀!* Eyín já sínú àwo, ó funfun báláú. "Ẹ ò rí i bó ṣe dára lójú? Ìrora mọ bó ṣe ń sá pamọ́."

Ó fi òwú dí i lẹ́nu, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó gbé fóònù, ó yí i lọ sísàlẹ̀, ó tún yí i lọ sísàlẹ̀, títí kò fi sí ìsàlẹ̀ mọ́. Ó mú èyí tó gbẹ̀yìn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń yí róbótó. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ahọ́n wá ẹnu ara rẹ̀ kiri. Nígbà tó pẹ́, ahọ́n jí díẹ̀, ó tu òwú.

"Dókítà. Eyín tí ẹ yọ kọ́ ló ń dùn mí."

"Ẹ̀yin lẹ ní ìkẹrin ló dùn jù!"

"Ilé-ẹ̀kọ́ ni mo wí! Òun ló dùn jù fún ẹ̀ka iṣẹ́!"

"Eyín ni mo bi yín!"

"Tẹ̀yìn tí mo wí leyín!"

Àwọn méjèèjì yíjú wo fóònù lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ ti fi ránṣẹ́?"

"Ó ku kí n tẹ ibì kan. Ṣùgbọ́n kí ló tiẹ̀ ṣe tẹ̀yìn yìí? Ó sún mọ́ ilé, bọ́ọ̀sì kan ni. Ọmọ mi á máa bọ̀ wálé sùn. Ó ti wù mí báyìí o."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ó wo iná, ó wo eyín nínú àwo.

"Ẹ má mú un síbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ẹ̀ka iṣẹ́ níbẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, wọn ò rí arọ́pò. Ilé ìkàwé wọn ń jò. Wọ́n á gba ọmọ yín tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n á sì fi ọdún rẹ̀ ṣòfò."

"Báwo lẹ ṣe wá mọ inú ilé wọn tó báyìí?"

"Èmi ni olórí wọn."

Dókítà gbé ojú sókè. Ó wò ó. Ó yí fóònù padà lọ sókè, ó mú ìkẹrin, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn kékeré kan dún: ó ti lọ. Ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀pọ̀ olórí ni ì bá gbẹ́nu dákẹ́."

"Ẹnu wo ni mo ní tí n ó fi dákẹ́? Ẹ ṣáà bá mi yọ tẹ̀yìn."

"Ọ̀fẹ́ ni." Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀rín kí wá nìyẹn?"

"Kò sí o. Ìdí tí ilé-ẹ̀kọ́ yín fi gbẹ̀yìn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi: eyín kan ṣoṣo ló ń dun olórí wọn, ó fi ìka mẹ́rin júwe rẹ̀, kò tún bá a! Ẹ ya ẹnu."