Ìbọn Ńlá Tí Mo Mú Lójú Bàbá Ìyàwó Mi

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò lè tán lọ́kàn mi láéláé: ọjọ́ tí mo fẹ́ fi han bàbá ìyàwó mi pé ọdẹ ni mí.

Bàbá wá kí wa láti Èkìtì, nílé wa ní Alibon, nílùú òyìnbó. Iṣẹ́ ọdẹ ni wọ́n fi tọ́ ọmọ méje. Èmi, bọ́ọ̀sì ni mo ń wà láti Thames View lọ sí Barking. Àmọ́ nígbà tí mo ń fẹ́ ọmọ wọn, mo ti purọ́ fún wọn lórí fóònù pé èmi náà máa ń yìnbọn pa àgbọ̀nrín nílùú òyìnbó. Ọdún mọ́kànlá ni irọ́ náà fi sùn. Ọ̀sẹ̀ kejì tí Bàbá dé ló jí.

"Bàbá Tọ́lá," ni wọ́n wí nídìí oúnjẹ àárọ̀, "ìgbà wo la ń lọ sígbó?"

Mo ní ọjọ́ Sátidé ni. Mo sáré bá Kevin, awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní oko ní Essex, tí àgbọ̀nrín ń jẹ ohun ọ̀gbìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà pé ká wá fi ìbọn òun pa ọ̀kan níṣojú òun, ṣùgbọ́n a ó kọ́kọ́ yìn ín sí bébà kan lọ́ọ̀ọ́kán.

Nígbà tí èmi, Bàbá àti Kevin dé oko náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ìbọn méjì síwájú wa. Ẹnu ọ̀kan kéré, 243 ni wọ́n ń pè é. Ti èkejì tóbi jù ú lọ, òun ni 308. Ó ní òfin gba méjèèjì fún àgbọ̀nrín, àmọ́ kí ẹni tí kò bá mọ́ lára mú kékeré, torí èyí ńlá máa ń gbá èèyàn. Èmi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Ó dùn mí.

Bàbá sún mọ́ mi. "Mú kékeré. Ibi tí ọta bá bà ló ń pa ẹran, kì í ṣe bó ṣe tóbi tó."

"Bàbá, èyí ńlá ló mọ́ mi lọ́wọ́."

Èmi tó jẹ́ pé ìbọn omi tí Tọ́lá ọmọ mi fi ń ṣeré nìkan ni mo ti dì mú rí.

Wọ́n ní kí n dọ̀bálẹ̀, kí n má fi ojú sún mọ́ awò orí ìbọn náà. Mo lẹ ojú mọ́ ọn bí ẹni ń yọjú wo ihò kọ́kọ́rọ́. Mo fà á. Ìbọn gbá mi léjìká, awò là mí lókè ojú. Mo fò dìde láti sọ pé kò sí nǹkan kan, àṣé kòtò ẹrẹ̀ wà lẹ́yìn mi. Nígbà tí Kevin fà mí jáde, ṣòkòtò ọdẹ tuntun tí mo wọ̀ ya láti ìdí dé orúnkún. Bébà ní tirẹ̀ ò ní ihò kankan.

Bàbá mú kékeré. Ọta kan, àárín bébà gan-an. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọta kan péré ni wọ́n fi gbé àgbọ̀nrín ṣánlẹ̀. Èmi ni mo bá wọn di fìlà mú.

Lójú ọ̀nà ilé, mo jẹ́wọ́. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò yìnbọn rí."

"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí o sọ ọ́ lórí fóònù. O ní orí igi ni àgbọ̀nrín náà wà tí o fi yìnbọn lù ú, tó fi já bọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Mo sọ fún ìyá ìyàwó rẹ pé ẹni tó lè purọ́ tí kò dára tó báyìí, kò ní lè tan ọmọ wa jẹ."

Ohun tí mo kọ́ ni pé kí èèyàn mú ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ ká, ìbáà ṣe ìbọn, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Tí mo bá ń fá irùngbọ̀n lónìí, àpá òkè ojú mi á pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó dùn, tó sì ń dùn mí.