Olú Tí Wọ́n Jí l'Ọ́fàtẹ̀dó

Gbọ́láhàn, ará ilé wa l'Ọ́fàtẹ̀dó, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹnu rẹ̀ ló burú. Ẹ dárúkọ ẹja, òun ló kọ́ ẹja bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́!

Lọ́jọ́ kan ní ọ́fíìsì wọn l'Ábẹ̀rẹ̀, Alàgbà Oyèbọ̀dé, ọ̀gá rẹ̀, ní ó ti pẹ́ tí òun ti jẹ ọbẹ̀ olú inú igbó. Gbọ́láhàn fò dìde.

"Ẹ má dààmú, sà! Bí ọmọdé láṣọ tó àgbà, kò lè mọ olú tó mi. Ẹ wá jẹun nílé mi ní Sátidé."

Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ọ̀gá yìí ló ti ń retí ìgbéga.

Òjò dá lọ́jọ́ Jímọ̀, Gbọ́láhàn forí lé Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ó sì gbé odindi àpò kan dé. Mo yọjú wò ó. Nǹkan dúdú kan ni, ó ń yọ̀, ó ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀. Ó ní ara igi lòun ti ha á.

Nọ́síràtù, ìyá Rùkáyà, aládùúgbò wa, wò ó títí. "Bọ̀dá Gbọ́láhàn, olú máa ń lẹ́sẹ̀, ó sì máa ń dé fìlà. Èyí ò lẹ́sẹ̀, kò dé nǹkan kan."

"Ìyá Rùkáyà, ti Òṣogbo lẹ mọ̀. Olú Ìjẹ̀ṣà kì í dé fìlà!"

Láàárọ̀ Sátidé, ó sá a sóòrùn lórí páànù, ó lọ ra iṣu. Ìgbà tó fi dé, odindi àpò ti di ẹ̀kúnwọ́ kan, ó gbẹ bí ìwé tó jóná. Òórùn ọbẹ̀ olú sì ń ta sánsán láti ìdáná Nọ́síràtù.

"Olè! Ìyá Rùkáyà ti jí olú mi sè!"

"Wàláhì, Gbọ́láhàn, èmi?" Ìbínú ti gba "bọ̀dá" kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ẹnu ariwo yìí ni ọ̀gá bá wọn. Gbọ́láhàn káwọ́ lérí. "Sà, wọ́n ti jí oúnjẹ yín! Ẹ wo ìyókù tí olè fi sílẹ̀!"

Àfi gbàà! Òjò dé. Gbogbo wa sá sábẹ́ òrùlé, a ń wo páànù. Ìyókù olè bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó wú, ó kún páànù, ó tún ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ bíi ti àná. Ojú gbà mí tì fún un.

Nọ́síràtù rọra ní, "Bọ̀dá, olè ti dá a padà."

Ọ̀gá kọjú sí i. "Ìyá Rùkáyà, kí lẹ wá ń sè?"

"Olú ni, sà. Ọ̀nà Iléṣà ni mo ti rà á. Ẹ wọlé, ẹ wá bá wa jẹun."

Ọ̀gá wọlé, ó jókòó ti ọbẹ̀. Gbọ́láhàn dúró síta bí ẹni tí wọ́n gbàgbé, àfi ìgbà tí ọ̀gá nawọ́ pè é. Inú rẹ̀ dùn, ó sáré wọlé.

"Gbọ́láhàn," ni ọ̀gá wí, "bá mi bu omi ìfọwọ́ wá."